Ojú Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ní ọdún tí ìjọba ológun ní kí oníkálukú fún ìgbànú mọ́ra, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà láti Ọ̀gbà dé Agége ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń gbọn ewé lára igi, kò sí ẹni tó ní iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́ tó jẹ́ fi ṣeré. Ọdún náà gan-an ni Sájẹ́ǹtì Làsísì Gbénró jókòó, tó mú gègé, tó kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, òun fẹ́ lọ máa ya àwòrán.

Sànyà, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá tí Làsísì ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Gbénró, ta lo ṣẹ̀?"

"Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, sà."

"Àbí ẹnì kan ń lé ẹ ni? Sọ fún mi. Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Rárá, sà. Àwòrán ni mo fẹ́ máa yà."

"Àwòrán." Sànyà tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tí kò mọ ohun tí wọ́n fi sè é. "Àwọn tí ilé iṣẹ́ lé ń tò síwájú géètì wa níta yẹn, wọ́n ń bẹ̀ wá ká gbà wọ́n síṣẹ́. Ìwọ tó ń ṣe é, o ní àwòrán. Ó dáa. Mi ò tíì fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sókè. Tó o bá wá bá mi kí n tó kúrò ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Jímọ̀, tó o ní eré lò ń ṣe, màá fà á ya, etí kejì ò ní gbọ́. Tó bá ti kọjá ọjọ́ Jímọ̀, ó ti kọjá ọwọ́ mi nìyẹn. Yàrá tó ò ń gbé ní bárékè náà, wọ́n á gbà á."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná, ni àwòrán ti wà lára Làsísì. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi dúró lẹ́yìn káńtà, tó ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn sílẹ̀: ẹni tí wọ́n jà lólè, ẹni tí wọ́n lù, ẹni tí mọ́tò gbá. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń kọ̀wé, ojú rẹ̀ a máa wà lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Tí onítọ̀hún bá ti lọ, Làsísì á fa bébà tí wọ́n ti kọ bàjẹ́ yọ, á yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, á ya bí ẹni náà ṣe ń fi eyín ha ètè nígbà tó ń purọ́, tàbí bí ọrùn rẹ̀ ṣe le nígbà tí kò fẹ́ sunkún. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Sájẹ́ǹtì, ẹ ya èmi náà, ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ipò ọ̀gá pátápátá níbẹ̀." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì yà wọ́n. Ó wá dà bíi pé iwájú bébà ni ti ìjọba, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ayé tirẹ̀.

Dàwódù ló tì í dé ìdí lẹ́tà. Wẹ́dà ni Dàwódù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń jó irin ní Agége. Wọ́n jí wáyà iṣẹ́ rẹ̀, ó wá fi ẹjọ́ sùn. Níbi tó dúró sí lójú káńtà ló ti rí àwòrán ìyá tó ń gbálẹ̀ àgọ́ náà, tí Làsísì ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó wò ó títí, ó gbàgbé wáyà.

"Ọ̀gá Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè ya ẹni tó ti kú?"

"Ṣé ẹ ní fọ́tò rẹ̀?"

"Tí mo bá ní fọ́tò, kí ni mo fẹ́ fi yín ṣe?"

Ìyá rẹ̀ ni ẹni tó ti kú náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ọṣẹ dúdú ló ń sè, tó sì ń tà lẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́, kí àwọn òṣìṣẹ́ lè fi fọ òróró ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ bá aya wọn nílé. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya òun ní fọ́tò. Ó máa ń sọ pé ẹni tó bá ya fọ́tò, ìwé òkú ló ń tọ́jú de ara rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí ló máa pé ọdún mẹ́wàá tó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ ṣe sàárà.

"Mo ti ń gbàgbé ojú ìyá mi," ni Dàwódù wí. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ ni, iná irin ti jó irun ọwọ́ rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kéré. "Láàárọ̀ mìíràn, mo máa ń rántí ìró rẹ̀, mi ò ní rántí ojú rẹ̀. Ó wù mí kí n tún rí i kó tó tán lójú mi."

Ní gbogbo ọdún mẹ́sàn-án yẹn, wọ́n ti bẹ Làsísì kó tú ọmọ àwọn sílẹ̀, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ kó dojú ìwé rú. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ fún ohun tó wà lẹ́yìn bébà rí. Ó gbà. Dàwódù sanwó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni Làsísì kọ lẹ́tà.

Nígbà tó sọ fún Sùlíyá ìyàwó rẹ̀, ìyẹn kò pariwo. Aránṣọ ni Sùlíyá, ó wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn ní bárékè. Ó rán ojú aṣọ tó mú lọ́wọ́ tán, ó fi eyín gé òwú.

"Bàbá Abdulqoyum, mo gbọ́."

"Kí lo wá rí sí i?"

"Kí ni kí n rí sí i? Yàrá yìí rùn, ṣùgbọ́n òrùlé ni. Òjò ò mọ ayàwòrán." Ó ká aṣọ náà sórí itan rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí àwọn ọmọ ìyá yẹn bá rí ojú ìyá wọn nínú bébà yín, èmi fúnra mi ni màá di ẹrù wa. Tí wọn ò bá rí i, ẹ máa lọ gba lẹ́tà yín padà lọ́wọ́ Ọ̀gá Sànyà. A ò sì ní tún ọ̀rọ̀ náà sọ mọ́, èmi ò ní sọ ọ́, ẹ̀yin náà ẹ ò ní sọ ọ́."

"Mo gbà."

"Ẹ rò ó o."

"Mo ti rò ó, Sùlíyá. Mo gbà."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó mú bébà àti èédú, ó gba ilé Dàwódù lọ ní Agége. Ilé ti kún. Ọmọ, àbúrò, ẹbí ọkọ, gbogbo wọn ti jókòó yí pálọ̀ ká bí ẹni tó wá gbọ́ wáàsí. Kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

"Ó pupa."

"Ta ló pupa? Ìyá wa dúdú bí ọṣẹ ara rẹ̀!"

"Ojú rẹ̀ gùn."

"Ojú ẹ ló gùn. Ti ìyá wa rí roboto."

Ameenat, àbúrò Dàwódù lóbìnrin, ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó fa ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó mú un dúró sí àárín pálọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Kaothar ni orúkọ rẹ̀ ní ilé kéú, ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé ikú Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n bí i, nítorí náà Yétúndé ni gbogbo ilé ń pè é. Dàwódù tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ sí i láìfi "ẹ" kún un.

"Kí lẹ ń pariwo fún?" ni Ameenat wí. "Ẹni tẹ́ ẹ̀ ń wá ló dúró yìí. Ìyá ti padà wá, ẹ ní ẹ ò mọ ojú rẹ̀ mọ́. Sájẹ́ǹtì, ẹ wò ó dáadáa."

"Hẹn! Òótọ́ ni!" Gbogbo ilé gbà. Inú Làsísì dùn. Ó mú ọmọ náà jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó ya ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tó délé, ó fi ọjọ́ orí kún un: ó mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rẹlẹ̀, ó fi ìlà sí iwájú orí, ó wé gèlè fún un. Kò tíì ya àwòrán tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ó gbé e lọ. Dàwódù gbé e sórí àga, ó padà sẹ́yìn, ó wò ó.

"Ó dára o," ni Ameenat wí.

"Ó dára," ni Dàwódù dáhùn. "Yétúndé nìyí lọ́jọ́ tó bá darúgbó. Kí Ọlọ́run jẹ́ kójú wa rí i. Ṣùgbọ́n mi ò rí ìyá mi níbẹ̀."

Ameenat yíjú sí i. "Kí lẹ sọ yẹn, Bọ̀ọ̀dá mi? Ṣé ẹ ní ìyá kọ́ ló padà wá sí ikùn mi ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀! Tó bá jẹ́ ojú Yétúndé ló wà níbẹ̀, tí kì í sì í ṣe ojú ìyá, kí lẹ tún sọ?"

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹnu tó ń sọ ọ́ di ìyá àti ẹnu tí kò fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí ariwo pọ̀ tó, àtẹ̀gbọ́n àtàbúrò yíjú sí àlejò.

"Sájẹ́ǹtì," ni Ameenat wí, "ẹ wo ohun tẹ́ ẹ gbé wá sílé wa."

Làsísì gbé àwòrán rẹ̀, ó jáde. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Agége wá sí Ìkẹjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń jáde lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ike, àwọn tí kò níṣẹ́ sì jókòó lórí gọ́tà ní òdìkejì, wọ́n ń wò wọ́n. Ó ń ro ibi tó ti ṣe é tì. Kì í ṣe ọwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ó rìn dé ọ̀nà Ọba Akran kó tó yé e, ó sì dúró gbagidi débi pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú.

Bẹ́ǹṣì ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí méjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá ti lanu, ohun tí ẹnì kejì fi ojú rí á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, kò sì ní mọ̀ pé ó ń yí. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án, kódà fún ẹjọ́ ewúrẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù láyé rẹ̀ ló wá jẹ́ kí gbogbo ilé jókòó pọ̀ ní pálọ̀ fún. Ó ti ń sá fún iṣẹ́ ọlọ́pàá débi pé ó sá kọjá ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀.

Sùlíyá rí àwòrán náà ní abíyá rẹ̀ nígbà tó wọlé.

"Ó ku ọ̀la," ni obìnrin náà wí.

"Ọ̀la tó mi," ni Làsísì wí.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù Dàwódù kí ìyẹn tó tan iná. Dàwódù ń to irin, kò gbójú sókè.

"Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀, irin gbígbóná ò mọ ọlọ́pàá."

Làsísì jókòó sórí gálọ́ọ̀nù kan. "Mi ò bi yín bí ìyá yín ṣe rí. Ẹ sọ ọjọ́ kan fún mi tó bínú sí yín."

"Ọjọ́ wo ni kò bínú?"

"Ọ̀kan péré."

Dàwódù sọ ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje, ó ní, òun fi eré sísá kọ lu ìkòkò tí ìyá òun ń sẹ́ eérú ọṣẹ sí. Omi eérú náà gbóná, ó ta sí ìyá òun lágbọ̀n, ó sì bó o. "Àpá náà kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ó funfun. Tó bá fẹ́ bínú, ẹnu rẹ̀ ò ní tíì là tí àpá yẹn á ti máa mì. Mo máa ń wò ó kí n lè mọ ìgbà tí mo máa sá." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti gbàgbé àpá yẹn o, Sájẹ́ǹtì."

"Ìlà ojú rẹ̀ ńkọ́?"

"Pélé mẹ́ta mẹ́ta. Ti ọwọ́ òsì gùn ju ti ọ̀tún lọ. Wọ́n ní ó yí orí mọ́ olóólà lọ́wọ́."

"Ó ga tàbí ó kúrú?"

"Ó ga! Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà."

Láti ibẹ̀, ó lọ bá Ameenat. Inú ń bí obìnrin náà síbẹ̀, ẹ̀yìn ló kọ sí i tó ń fọṣọ. Ó ní ìyá òun kò ga rárá, òun gan-an ga jù ú lọ. Làsísì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sọ ohun tí Dàwódù sọ. Ó ní, "Ìgbà tẹ́ ẹ rí ojú rẹ̀ kẹ́yìn, kí ló yàtọ̀ níbẹ̀?"

Ameenat dẹ́kun ìfọṣọ. Òun wà lára àwọn obìnrin tó wẹ òkú ìyá náà. "Eyín rẹ̀," ló wí. "Eyín òkè kan yọ síwájú díẹ̀. Nígbà tó wà láyé, ó máa ń fa ètè bò ó, ojú ń tì í. Lọ́jọ́ náà, kò fà á bò ó mọ́. Mo fi ọwọ́ mi fà á, kò dúró." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ nu ojú.

Bàbá Àjíṣọlá ló bá kẹ́yìn, arúgbó onílé tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọlọ́pàá, kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni mo wá bèèrè."

"Ìyẹn? Ojú kan ló fi ń wo èèyàn. Èéfín ọṣẹ ti ba ti òsì jẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo da omi eérú rẹ̀ nù, mo ní ó ń ba àgbàlá mi jẹ́. Kò bú mi o. Ó kàn di ojú òsì, ó fi ọ̀tún wò mí báyìí." Bàbá náà ṣe é. "Ọmọ, mo gbé korobá, èmi onílé, mo lọ pọn omi míì fún un."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Làsísì bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà kó tó dìde lọ́dọ̀ wọn: kí ni Kaothar fi jọ ìyá náà? Kò sí ọ̀kan tó gbọ́ ohun tí èkejì sọ. Síbẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n sọ. Tó bá ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, á tẹ orí sí ọ̀tún, bí ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí létí láti ẹ̀yìn.

Láti ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àpá, eyín, ojú òsì, ìlà tó gùn ju èkejì lọ, orí tó tẹ̀. Ti gíga àti kúkúrú ló gba àkókò jù. Àwọn méjèèjì kò purọ́: ọmọ ọdún méje ni Dàwódù nínú ìrántí rẹ̀, Ameenat sì ti di ìyàwó ilé nínú tirẹ̀. Ó ronú lé e títí, ó wá mú ti Dàwódù, nítorí òun ló ń gbàgbé. Ó ya ìyá náà bí ọmọ kékeré ṣe ń rí i láti ilẹ̀, tí ìyá náà sì ń wolẹ̀ wo ọmọ. Oòrùn ti dé àárín ọ̀run nígbà tó sọ èédú sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n pín mọ́sà àti àkàrà. Sùlíyá bá a lọ, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Nígbà tí alfa ti lọ, Làsísì ṣí aṣọ lójú àwòrán.

Bàbá Àjíṣọlá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ yí i síbòmíràn! Ẹ yí i síbòmíràn jàre. Mo ti pọn omi yẹn padà fún un."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan ò lè rẹ́rìn-ín. Ameenat gbé ìka sí ètè òkè ara rẹ̀, ó fà á wálẹ̀ díẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Dàwódù kò sún mọ́ àwòrán náà. Ó jókòó sórí ẹní níbi tó wà, ó gbé ojú sókè wò ó.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí.

Ní àkókò náà ni Kaothar yọrí wọlé, àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo bébà náà.

"Ta nìyá yìí?"

Gbogbo ilé yíjú sí i, wọ́n rí i bó ṣe tẹ orí sí ọ̀tún tó ń retí èsì, wọ́n sì tún yíjú sí àwòrán. Ameenat bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ ẹ̀ rí i, kò dá ara rẹ̀ mọ̀!" ni ẹnì kan wí.

"Ṣé ìwọ mọ ìpàkọ́ tìẹ ni?" ni Bàbá Àjíṣọlá dá a lóhùn. "Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í rí tẹni."

Làsísì wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Sùlíyá ti ń wọ bàtà.

"Ibo lò ń lọ? Wọn ò tíì gbé oúnjẹ wá."

"Ẹ bá mi jẹ tèmi," ni Sùlíyá wí. "Bẹ́ẹ̀dì yẹn máa pẹ́ kó tó tú, ìdè rẹ̀ ti dógùn-ún. N óò kọ́kọ́ di abọ́." Nígbà tó dé ìta ilẹ̀kùn, ó yíjú padà. "Bàbá Abdulqoyum, ìyá yẹn wo èmi náà o."

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí Làsísì wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀. Sànyà ti ń kó ìwé jọ, ó fẹ́ máa lọ.

"Ẹn-hẹ́n. O wá gba lẹ́tà ẹ."

"Rárá, sà. Mo wá sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́."

Sànyà tún jókòó. "Gbénró, kí lo máa jẹ?"

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Èèyàn mélòó lo ti yà tó sanwó fún ẹ?"

"Ẹnì kan, sà."

"Ẹnì kan!"

"Ẹnì kan. Ṣùgbọ́n wọ́n dá a mọ̀."

Sànyà mí kanlẹ̀. Ó yọ lẹ́tà náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Làsísì dúró níwájú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń dúró níwájú ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ ọlọ́pàá ni pé kó gbé ojú lé ògiri lókè orí ọ̀gá, kó má wo ọ̀gá lójú. Lónìí, ó sọ ojú kalẹ̀. Ó rí i pé etí òsì Sànyà rẹlẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ. Ó rí i pé tí ọ̀gá bá ń kọ ohun tí kò wù ú, ó máa ń ti ahọ́n mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọmọ iléèwé. Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò, ó ti kan èédú.

"Ọ̀gá," ló wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé orí sókè."